Ẹgbẹ́ Ojú Fèrèsé

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí yàrá ṣe lè kún fún ènìyàn kó sì tún dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ti kó kúrò, kí ẹ yọjú sí kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì olùkọ́ tuntun ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Òkè pátápátá ni yàrá náà wà, ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí àtẹ̀gùn ti ń gba èémí lẹ́nu ènìyàn. Àga wà níbẹ̀, pátákó ìkọ̀wé wà, fèrèsé ńlá kan sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú ògiri. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà wà. Wọ́n jókòó, wọ́n mú bírò lọ́wọ́, wọ́n ń wo olùkọ́ wọn bí ẹni ń wo dókítà tó fẹ́ gúnni lábẹ́rẹ́.

"Ta ló lè sọ fún wa, ní Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó ṣe ní òpin ọ̀sẹ̀?"

Gbogbo orí á wolẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí bírò rẹ̀ kò jábọ́ á mọ̀ọ́mọ̀ jù ú sílẹ̀, kó lè rí nǹkan wá lọ sábẹ́ tábìlì.

Kì í ṣe pé wọn ò gbọ́n. Àwọn tó fẹ́ di ẹnjiníà ni, àwọn tó fẹ́ di oníṣirò, àwọn tó fẹ́ máa tún ẹ̀rọ omi ìlú ṣe. Bí ẹ bá gbé ìwé Gẹ̀ẹ́sì síwájú wọn, wọ́n á kà á tán, wọ́n á sì dáhùn gbogbo ìbéèrè ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n la ẹnu kí wọ́n sọ ọ́, ó tì. Gẹ̀ẹ́sì wà nínú wọn bí omi inú kànga tí kò ní okùn.

Obìnrin ni olùkọ́ náà, kò sì tíì dàgbà púpọ̀. Àwọn kan wà nínú akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tí irùngbọ̀n wọn ti kún ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Ó máa ń rántí bí òun fúnra rẹ̀ ṣe rò ó kó tó gba iṣẹ́ náà: pé òun á wọlé, oòrùn á wọlé tẹ̀lé òun, àwọn ọmọ á sì máa sọ̀rọ̀ bí ẹyẹ orí igi. Oòrùn wọlé lóòótọ́. Ẹyẹ ni kò dún.

Lọ́jọ́ kan, olórí ẹ̀ka ránṣẹ́ pè é. Ọkùnrin olórí ẹ̀ka yìí kì í rìn láìsí ife omi gbígbóná kan lọ́wọ́, ife tó ní ìdérí. Ó ní òun kò mu tíì, òun kò mu kọfí, omi gbígbóná ni bàbá òun fi gbó.

"Jókòó, ọmọ mi," ó ní. "O mọ̀ pé iṣẹ́ ọdún kan la gbà ọ́ sí."

"Mo mọ̀, sà."

"Ní ọdún tó kọjá, àwọn olùdánwò wá láti ìta, wọ́n ní kí àwọn ọmọ wa fi ẹnu sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà wọlé, ó kí wọn káàárọ̀. Wọ́n bi í léèrè orúkọ rẹ̀, ó tún kí wọn káàárọ̀. Ó kí wọn títí wọ́n fi ní kó máa lọ, ó wá kí wọn káàárọ̀ jáde." Ó ṣí ìdérí ife, ó sì tún un dé láì mu ún. "Olùkọ́ wọn ti bá iṣẹ́ mìíràn lọ báyìí. Bí àwọn tìrẹ náà bá yadi, mi ò ní rí ẹnu sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí o máa bá iṣẹ́ lọ. Mi ò fi dẹ́rù bà ọ́ o. Mò ń sọ ọ́ kí o má baà ní mi ò sọ."

Olùkọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fún un ní oògùn kíkorò.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń gbé. Nígbà tó délé, ẹ̀gbọ́n ti gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó sì ti kó ẹsẹ̀ sínú bàsíà omi nítorí gbogbo ọjọ́ ló fi dúró.

"Kí ló dé tí o ń wo oúnjẹ bí ẹni ń wo fọ́tò?"

"Wọn ò sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Mo bẹ̀ wọ́n, mo rẹ́rìn-ín sí wọn, mo ra súìtì fún wọn. Wọ́n lá súìtì tán, wọn ò sọ̀rọ̀."

"Gún wọn lábẹ́rẹ́. Kò sí ẹni tí mo gún rí tí kò sọ̀rọ̀. Àwọn míì tiẹ̀ ń kọrin."

"Ẹ má fi mí ṣeré. Bí wọn ò bá jẹ́ kí n máa bá iṣẹ́ lọ, ọ̀dọ̀ ìyá wa ni mò ń padà sí."

"Inú ìyá wa á dùn. Á fi ọ́ sí ṣọ́ọ̀bù, wàá máa bá a to bọ́tìnnì. Funfun lọ́tọ̀, dúdú lọ́tọ̀. Bọ́tìnnì náà kì í sọ̀rọ̀, o ti mọ́ ọn lára."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àbúrò ti oúnjẹ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá dijú, ó ń rí agolo bọ́tìnnì tó tò lọ títí kan àjà, ó sì ń rí ara rẹ̀ lẹ́yìn wọn, tó ti dàgbà, tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ọjọ́bọ̀ kan ni òjò há wọn mọ́ kíláàsì. Ẹ̀kọ́ ti parí, ṣùgbọ́n òjò náà kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń fi ìwé borí sá gbà kọjá. Olùkọ́ jókòó sídìí tábìlì, ó ń fi bírò pupa sàmì sí iṣẹ́ wọn. Àwọn ọmọ wọ́ lọ sójú fèrèsé, wọ́n kún ibẹ̀ bí ẹyẹlé.

Àgbàlá ńlá kan ló wà nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀yìn ilé oúnjẹ wà, ibẹ̀ ni oní-fọtokópì pa àgọ́ rẹ̀ sí, ibẹ̀ náà sì ni bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ máa ń sùn. Bọ́ọ̀sì náà ti rì sínú ẹrẹ̀. Awakọ̀ rẹ̀, ọkùnrin kan tí ikùn rẹ̀ máa ń dé ibi gbogbo ṣáájú rẹ̀, ń tẹ̀ ẹ́ bọ síwájú, ó ń tẹ̀ ẹ́ bọ sẹ́yìn, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́.

Ọmọkùnrin kan wà láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà tí wọ́n ń pè ní Òpó, nítorí gíga rẹ̀. Òun ló máa ń wá bírò lọ sábẹ́ tábìlì tí orúnkún rẹ̀ á sì ta gbogbo ènìyàn jí. Ó ṣàdédé fi ọwọ́ bo etí kan bí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lórí rédíò, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì.

"Ẹ̀yin olùgbọ́ wa nílé, ọ̀gá awakọ̀ ti di sitiárìn mú. Ó wo ẹ̀yìn. Ó wo iwájú. Ó gbójú sókè, ó jọ pé àdúrà ló ń gbà."

"Kì í ṣe àdúrà," ọmọbìnrin kan dá a lóhùn, ní Gẹ̀ẹ́sì òun náà. Ìyá Ẹgbẹ́ ni wọ́n ń pe ìyẹn, nítorí òun ló ń pàṣẹ fún gbogbo wọn, láti orí ibi tí wọ́n á jókòó dé orí ohun tí wọ́n á jẹ. "Wáìpà ló ń wò. Wáìpà ti dúró. Táyà ẹ̀yìn ti yí. Ẹrẹ̀ ti fò sókè. Ó ń lọ, ó ń lọ, ó ti bà á. Ó ba oní-fọtokópì láyà."

"Oní-fọtokópì ti bọ́ sórí pápá," Òpó ní. "Ó bọ́ bàtà kan. Kò bọ́ ìkejì."

Ẹlòmíràn gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ẹlòmíràn tún gbà á. Ẹ̀rín mì fèrèsé náà. Gẹ̀ẹ́sì wọn ń já, wọ́n ń so ó, ó ń kọsẹ̀, wọ́n ń fà á dìde kó lè bá bọ́ọ̀sì náà mu, nítorí bọ́ọ̀sì kò dúró de ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀.

Olùkọ́ gbé bírò pupa sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Kò dìde, kò wúkọ́, kò tiẹ̀ fẹ́ kí àga rẹ̀ dún. Ó ṣe bí ẹni tí ẹyẹ bà lé ojú fèrèsé rẹ̀, tó mọ̀ pé bí òun bá mí kanlẹ̀, ó lè fò lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó rò ó, ó tún un rò. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n nínú kíláàsì rẹ̀, ojú gan-an ló ń pa ọ̀rọ̀. Bí ènìyàn kan bá dìde kó sọ̀rọ̀, gbogbo ojú tó wà nínú yàrá á kó sí i lẹ́nu, ọ̀rọ̀ ò sì ní ríbi gbà jáde. Lójú fèrèsé, gbogbo ojú ń wo bọ́ọ̀sì. Ahọ́n tí ẹnikẹ́ni kò ṣọ́ ń rìn gbẹ̀fẹ́.

Bí ẹgbẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ní Ọjọ́bọ̀, ẹni tó bá wù ú á dúró. Òpó sọ ọ́ ní Ẹgbẹ́ Ojú Fèrèsé. Olùkọ́ ṣe òfin díẹ̀ fún un: ẹni tó bá wọlé gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ kó tó jáde, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yíjú wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀, a kì í sì í tún Gẹ̀ẹ́sì ẹnikẹ́ni ṣe títí a ó fi ti fèrèsé.

Wọ́n sọ̀rọ̀ lórí ológbò tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn ilé oúnjẹ. Wọ́n sọ̀rọ̀ lórí ọ̀dọ́kùnrin kan àti ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ tí wọ́n ń jà lábẹ́ igi. Ìyá Ẹgbẹ́ ń ṣe ohùn obìnrin, Òpó ń ṣe ohùn ọkùnrin, wọ́n sì parí ìjà náà kí àwọn tó ni ín tó parí rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ti fèrèsé, wọ́n á yí olùkọ́ ká. Kí ni à ń pe ohun tó ń gbá omi lójú ọkọ̀? Kí ni à ń pe ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín? Àwọn tí kì í ṣí ìwé atúmọ̀ èdè tẹ́lẹ̀ wá ń wo inú rẹ̀ kí Ọjọ́bọ̀ tó dé, bí ẹni ń kó òkúta sápò sílẹ̀ de ìjà.

Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́. Kò tíì sọ gbólóhùn kan rí, kódà ní èdè ilé, láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ tọrọ àforíjì. Ó máa ń dúró sídìí kọ́tìnnì, apá kan rẹ̀ á wà nínú kọ́tìnnì náà. Òfin ní kó sọ̀rọ̀ kó tó jáde, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní ọkàn láti fi tipá mú un. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, wọ́n ti ń wá ológbò náà títí, wọ́n ti gbà pé ó ti lọ, ni ohùn kékeré kan sọ láti inú kọ́tìnnì, ní Gẹ̀ẹ́sì:

"Ó ti padà dé. Ó wà lórí bọ́ọ̀sì. Inú ń bí i."

Kò sẹ́ni tó yíjú. Òpó gbé e mì bí ẹni pé ojoojúmọ́ ni Jẹ́jẹ́ ń sọ̀rọ̀. "A dúpẹ́ lọ́wọ́ aṣojú wa tó wà nínú kọ́tìnnì," ó ní. Olùkọ́ nìkan ló kọjú sí pátákó fún ìgbà díẹ̀, ó ń nu ohun tí kò sí níbẹ̀.

Ohun tó dára kì í pẹ́ kí ọ̀gá tó gbọ́. Olórí ẹ̀ka gun àtẹ̀gùn wá fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ife rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ń dà bí òjò, ẹnu rẹ̀ sì ṣí ju ìdérí ife lọ.

"Ohun tó dára tó báyìí kò yẹ kó wà láìní máàkì," ó sọ fún olùkọ́ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Àfikún ni, kó tó di ọjọ́ ìdánwò. Ẹni tó bá wá, fún un ní máàkì. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀, fi kún un. Bí ọ̀kan tàbí méjì bá wá kọsẹ̀ níwájú àwọn olùdánwò, wọ́n ti ní nǹkan lápò. Ìwọ náà á sì ní nǹkan lápò. Ṣé ohun tí mò ń sọ yé ọ?"

Ó yé e yékéyéké. Ó rí bọ́tìnnì funfun àti dúdú tí wọ́n ń padà sínú agolo wọn, tí ìdérí sì pa dé. Ó dúpẹ́ títí orúnkún rẹ̀ fi fẹ́ kanlẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó fi rúlà fa ìlà sórí ìwé: àyè fún wíwá, àyè fún ìgboyà, àyè fún gírámà. Inú rẹ̀ dùn sí ìlà náà, ó gún régé. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi so okùn mọ́ ẹyẹ náà lẹ́sẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, yàrá náà kún dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn tí olùkọ́ kò rí rí wá láti kíláàsì mìíràn. Gbogbo wọn mú bírò. Gbogbo wọn kọjú sí fèrèsé bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò ìwé ìrìnnà.

Nísàlẹ̀, ohun tí ẹgbẹ́ ì bá fi ọ̀sẹ̀ kan yangàn ń ṣẹlẹ̀. Akunlé kan wà lórí àkàbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé oúnjẹ, ajá kan ń họ ara lára ẹsẹ̀ àkàbà náà, garawa ọ̀dà sì ń mì lórí. Garawa ṣubú. Ajá tó dúdú di ajá tó funfun láti ọrùn lọ sí ìrù, ó sì sáré wọ ilé oúnjẹ.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

"Ṣé ẹ ò rí i ni?" olùkọ́ béèrè.

"A rí i, mà," ọmọkùnrin kan dáhùn. "Ṣé ó wà nínú máàkì?"

Ẹlòmíràn wá fi ìgboyà jáde. Ó fa ìwé yọ lápò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó ti kọ sílẹ̀ láti ilé: bí òjò ṣe ń rọ̀, bí bọ́ọ̀sì ṣe rì, bí awakọ̀ ṣe ń làágùn. Ìta gbẹ táútáú, bọ́ọ̀sì kò sì sí níbẹ̀ rárá. Gírámà rẹ̀ kò ní àbùkù kan. Olùkọ́ wo ìlà rẹ̀ tó gún régé, ó fún un ní máàkì tó pé, inú rẹ̀ sì bàjẹ́.

Ìgbà tó wá gbójú sókè ló rí i pé Òpó kò sí níbẹ̀. Ìyá Ẹgbẹ́ kò sí níbẹ̀. Kọ́tìnnì náà rọ̀ gbọọrọ, kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀.

"Wọ́n pọ̀ gan-an, ẹ̀gbọ́n mi," ó ní nígbà tó délé. "Wọ́n pọ̀, wọ́n sì dákẹ́."

"Ilé ìwòsàn wa náà rí bẹ́ẹ̀," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáhùn. "Jọ̀wọ́ fún mi ní tówẹ̀lì."

Ọjọ́bọ̀ mìíràn tún kọjá bẹ́ẹ̀. Nígbà tó parí, olùkọ́ kó ìwé rẹ̀, kò sì gba àtẹ̀gùn iwájú sọ̀kalẹ̀, kó má baà pàdé olórí ẹ̀ka. Ó gba ti ẹ̀yìn, èyí tí àwọn tó ń gbálẹ̀ ń gbà. Kò tíì dé ìsàlẹ̀ tó fi gbọ́ ohùn kan. Gẹ̀ẹ́sì ni. Ó ń lọ geerege, ó ń kọsẹ̀, ó tún ń lọ, kò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohùn Jẹ́jẹ́ ni.

Ó yọjú. Níbi tí àtẹ̀gùn ti ṣẹ́ kọ́nà, fèrèsé kékeré kan wà tí kò tóbi ju àwo ìfọṣọ lọ. Orí mélòó kan ti há sí i. Òpó tẹ̀ ba bí ẹni tó ń wọ ilé adìyẹ.

Ohun tó kọ́kọ́ dé sí olùkọ́ lọ́kàn kì í ṣe ayọ̀. Ó dà bí ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn tó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń jẹun láìpè é.

Atẹ́gùn gbé ìwé kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo wọn fò dìde, orí Òpó sì gbá àjà.

"Ẹ káàsán, mà."

"Kí lẹ̀ ń ṣe níbí?"

"À ń sinmi ni, mà," Òpó ní, ó ń fọwọ́ pa orí.

"Lórí àtẹ̀gùn?"

"Ẹ̀yìn ló ń dùn mí, mà. Wọ́n ní kí n máa jókòó síbi tó le."

"Pa ẹnu ẹ dé," Ìyá Ẹgbẹ́ sọ fún un. Ó wá kọjú sí olùkọ́. "Mà, ká má purọ́ fún yín. Ẹgbẹ́ là ń ṣe."

"Ẹgbẹ́ wà lókè. Máàkì sì wà níbẹ̀."

"Ìyẹn gan-an ni, mà. Láti ìgbà tí máàkì ti débẹ̀, ó ti di kíláàsì. A ti ní kíláàsì, mà. A ní i rẹpẹtẹ."

"Ìdánwò ń bọ̀," olùkọ́ ní. Ohùn rẹ̀ kéré. "Mo fẹ́ kí ẹ ní nǹkan lápò ni."

Wọ́n wolẹ̀. Wọ́n mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í mọ ọ̀rọ̀ olùkọ́. Jẹ́jẹ́ ló sọ̀rọ̀, apá kan rẹ̀ wà lẹ́yìn Òpó.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ lè bá wa jókòó. Ṣùgbọ́n kí ẹ fi bírò pupa yẹn sílẹ̀ níta."

"Àti pé ẹni tó bá wọlé á sọ̀rọ̀ kó tó jáde," Òpó ní. "Òfin ni. Kì í ṣe èmi ni mo ṣe é."

Olùkọ́ gbé bírò pupa sílẹ̀ lẹ́yìn kọ́nà, ó sì jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó wá yé e pé gbogbo àsìkò yìí, òun kò sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé rí. Òun kàn ń gbọ́ ni, òun kàn ń tún un ṣe ni. Wọ́n ṣí àyè fún un, ó sì yọ ojú síta.

Olórí ẹ̀ka ló ń gba àgbàlá kọjá. Ìjì ti dé, òjò sì ń tẹ̀ lé e bọ̀. Ó fi ọwọ́ kan mú anburẹ́là, ó fi èkejì mú ife.

Olùkọ́ la ẹnu. Ó wá Gẹ̀ẹ́sì tó dára jù lọ nínú gbogbo èyí tó mọ̀, ó sì bá ẹnu rẹ̀ ní ṣíṣí láìsí nǹkan nínú rẹ̀. Bírò ló fẹ́ jù sílẹ̀, ṣùgbọ́n bírò wà níta. Kò sẹ́ni tó wò ó. Gbogbo wọn ń wo ìsàlẹ̀.

"Ọ̀gá ti jáde," ó ní níkẹyìn. Gbólóhùn náà ṣẹ́ ní ìdí, ó fà á lọ bẹ́ẹ̀. "Ọ̀gá ti jáde, atẹ́gùn náà ti jáde. Anburẹ́là fẹ́ lọ sílé. Ọ̀gá ò fẹ́. Anburẹ́là ti yí padà, ó ti di àwo ọbẹ̀. Ọ̀gá ní láti yan ọ̀kan, olùgbọ́ wa, anburẹ́là tàbí ife. Ó wo anburẹ́là. Ó wo ife. Ó ti ju anburẹ́là sílẹ̀. Ó mú ife. Ó mú ife, ẹ̀yin ènìyàn mi, ó sì ń sáré."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Ìyá Ẹgbẹ́ fi jókòó sórí ìwé olùkọ́ láì mọ̀. Òpó di irin àtẹ̀gùn mú. Olùkọ́ náà ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì mọ ohun tó kù fún òun láti ṣe. Inú rẹ̀ kò dùn sí i, nítorí ẹ̀rù ń bà á.

Omi ṣì ń kán lára olórí ẹ̀ka nígbà tí olùkọ́ wọlé bá a ní ọ́fíìsì.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá mi yọ máàkì kúrò nínú ẹgbẹ́ yẹn."

Olórí ẹ̀ka nu omi òjò kúrò lójú. "Mo fún ọ ní àkàbà, o ní kí n wá gbé e lọ."

"Wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́, sà. Máàkì ni wọ́n ń wá. Wọ́n ń ti ilé kọ ọ́ wá."

"Bí kò bá sí máàkì, ọjọ́ ìdánwò nìkan ló kù. Bí wọ́n bá yadi ńkọ́?"

"Màá di ẹrù mi, sà."

Ó mu omi gbígbóná díẹ̀, ó tún mu díẹ̀. "O gbójú o," ó ní. "Mi ò mọ̀ pé o gbójú tó báyìí. Ó dáa. Kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìwọ lo béèrè, kí wọ́n má baà ní èmi ni mo ya wèrè."

Nígbà tí ó kéde rẹ̀ ní kíláàsì, ariwo sọ. Ọmọkùnrin oníwèé inú àpò dìde, ó ní, "Mà, gbogbo bí mo ṣe ń wá yìí, ṣé ó ti ṣòfò?" Ó fi ìbínú jáde, àwọn tí inú ń bí tẹ̀ lé e. Àwọn tó ṣẹ́ kù padà sójú fèrèsé ńlá. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, oníwèé náà padà wá, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, ó ní ilé ló sú òun.

Ọjọ́ ìdánwò dé. Àwọn olùdánwò méjì ló wá, obìnrin kan tó gbé fáìlì máyà àti ọkùnrin kan tó ń wúkọ́. Wọ́n fún wọn ní yàrá ìpàdé nísàlẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tò sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀yìn wọn kan ògiri. Wọn ò gba olùkọ́ láyè láti dúró tì wọ́n, ó wá jókòó sí ọ́fíìsì akọ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó ń gbọ́ ohun gbogbo, kò sì rí nǹkan kan.

Wọ́n pe Jẹ́jẹ́ ṣáájú. Ilẹ̀kùn pa dé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ dákẹ́ lọ gbáà, irú ìdákẹ́jẹ́ tí olùkọ́ mọ̀ dáadáa, ìdákẹ́jẹ́ òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó gbọ́ tí bírò kan jábọ́. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú bí òun ṣe máa sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n òun.

Ni Òpó bá sọ, ní Gẹ̀ẹ́sì, ní ohùn rédíò rẹ̀:

"Ilẹ̀kùn ti pa dé. Ilẹ̀kùn ò sọ nǹkan kan."

"Ilẹ̀kùn ò ní sọ nǹkan kan," Ìyá Ẹgbẹ́ ní. "Ẹ̀rù ń ba ilẹ̀kùn."

"Ẹnì kan ti wúkọ́ nínú. Kì í ṣe tiwa ló wúkọ́. Tiwa kì í wúkọ́ láìtọrọ àforíjì."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn fi ọ̀rọ̀ kún un. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí tí Jẹ́jẹ́ jáde, wọ́n bò ó. Ó ń sọ ọ́ fún wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, ohùn rẹ̀ ń ga: wọ́n bi òun ní ohun tí òun fẹ́ràn, òun sọ ọ́. Wọ́n bi òun ní ìdí rẹ̀, òun sọ ọ́ títí obìnrin náà fi gbàgbé fáìlì rẹ̀. Ikọ́ mú ọkùnrin náà, òun ní kó mu omi gbígbóná, ó bi òun pé ta ló kọ́ òun. Ìyá Ẹgbẹ́ ti wọlé ní tirẹ̀. Àwọn tó kù ń sọ bí ó ṣe wọlé, bí bàtà rẹ̀ ṣe dún, ohun tó ṣeé ṣe kó máa pàṣẹ fún àwọn olùdánwò láti ṣe. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ń hó.

Ilẹ̀kùn ọ́fíìsì akọ̀wé ṣí. Olórí ẹ̀ka wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Àwọn olùdánwò ránṣẹ́ sí mi," ó ní. "Wọ́n ní ariwo ò jẹ́ kí àwọn gbọ́ ẹni tó wà nínú. Lọ sọ fún wọn kí wọ́n dákẹ́."

Olùkọ́ dìde. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó di ilẹ̀kùn mú, ó ń wo gbogbo ẹnu tó ń ṣí tó ń pa lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dúró bẹ́ẹ̀.

"Sọ fún wọn," olórí ẹ̀ka ní lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ forí jì mí, sà. Mi ò lè sọ ọ́."

"Kò le. Kí wọ́n dákẹ́ ni."

"Mo mọ̀ ọ́n, sà. Ẹnu mi ni kò gbà á."

Olórí ẹ̀ka wo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó wo olùkọ́ náà, ó rí omi tó kún ojú rẹ̀ àti ẹ̀rín tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó mu omi rẹ̀ láìyára.

"Ní ọdún tó ń bọ̀," ó ní, "kí o bá mi wá yàrá ìdúró tó jìnnà sí tàwọn olùdánwò."

"Ní ọdún tó ń bọ̀, sà?"

"Ṣé ibì kan lò ń lọ ni?"

Ó dé ìdérí mọ́ ife, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láti lọ pa ariwo náà fúnra rẹ̀. Kò tíì gbé ẹsẹ̀ kejì jáde tó fi gbọ́ ohùn Òpó, ní Gẹ̀ẹ́sì, tó ń sọ fún àwọn olùgbọ́ nílé pé ọ̀gá ti bọ́ sórí pápá, pé ife wà lọ́wọ́ rẹ̀, pé ó jọ pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀.